Òjé Inú Àpò

Àbúrò mi Torquil kò jókòó nídìí tábìlì Olúwa rí.
Ogójì ọdún ó lé mẹ́ta,
àga ẹ̀yìn ni tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn òkun ń gbá.
Ní erékùṣù wa, Lewis, lókè réré Skọ́tíláǹdì,
níbi tí a ti ń gbẹ́ ilẹ̀ dúdú, tí a ń sá a, tí a ń fi í dáná,
a kì í sáṣọ lọ́jọ́ Ìsinmi;
àkùkọ pàápàá, táa bá ní ká gba tàwọn àgbà gbọ́,
ńṣe ló ń rọra kọ.

Èmi ni alàgbà. Èmi ni mo ń pín òjé,
owó pẹlẹbẹ tí kò lè ra nǹkan kan
àfi àyè láàrin àwọn tí yóò jẹ nínú àkàrà náà.
Àlùfáà á dìde, á fi ọ̀rọ̀ ṣọgbà yí tábìlì ká:
olè, má sún mọ́ ọn; panṣágà, má sún mọ́ ọn;
ẹ̀yin ọkùnrin tó ń…
Torquil á sorí kodò bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.
Àwọn ará ní ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ pọ̀.
Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí ìyá wa kú, a jọ ń gbẹ́lẹ̀,
ó fi irin rẹ̀ gúnlẹ̀, ó ní:
«Ẹ̀gbọ́n, ojú mi kì í bá obìnrin lọ.
Kò bá wọn lọ rí, láti ìgbà tí mo ti ń tọ̀ sórí ibùsùn.
N kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.
Ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa mí, tí n kò jalè,
ṣé ebi náà lẹ ń pè lólè?»

Mo ní ìdáhùn. Alàgbà kì í ṣàìní ìdáhùn.
Mo ka Róòmù fún un. Mo ka Kọ́ríńtì.
Mo ní kó gbàdúrà. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé:
«Kí lo rò pé mo ń fi orúnkún mi ṣe láti ọjọ́ yìí?»
Òjò dé, ó bá wa níbẹ̀.

Ohun tí n kò sọ fún un nìyí:
ọdún méjì gbáko, ìyàwó Coinneach ìsàlẹ̀ ọ̀nà
ni mo ń rí bí mo bá ti dijú láti gbàdúrà.
Ọrùn rẹ̀. Bó ṣe ń ká ọwọ́ aṣọ sókè tó bá fẹ́ fún wàrà.
Jésù sì sọ tojú, ó sọ ọ́ gbangba,
pé ẹni tó wò bẹ́ẹ̀ ti ṣe é tán lọ́kàn.
Kò sẹ́ni tó ṣọgbà dè mí.
Mo jẹ, mo mu, mo nu ẹnu.

Nígbà tí a sin ín tán, mo wọ ilé ìhunṣọ rẹ̀.
Aṣọ ṣì wà lórí òfì, kò tíì dé ìdajì.
Nínú àpò kóòtù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì
mo bá òjé kan,
èyí tí mo fún un fúnra mi, lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Ó ti fi àtàǹpàkò ra á, ra á,
ọdún ara rẹ̀ ti pa rẹ́, ẹsẹ Bíbélì ti pa rẹ́,
ó ń dán bí ojú ẹja.

Ẹ má fi mí ṣe akọni.
N kò tíì mọ bí n ó ṣe tún Ìwé náà kà.
Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹta bá dé, tí wọ́n bá tẹ́ aṣọ funfun,
kí ẹlòmíràn pín òjé.
Àga ẹ̀yìn ni n ó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn,
kí n mọ bí atẹ́gùn ibẹ̀ ṣe tutù tó.