Ìwé Àkókò

Ojú ọ̀nà ni wọ́n bí baba baba mi sí,
láàárín Kìlìbó sí Ṣábẹ, lábẹ́ igi òrí,
ìyá rẹ̀ ń ti oko bọ̀, agbọ̀n iṣu ò tíì kúrò lórí.
Wọ́n ní kó máa jẹ́ Abíọ́nà.
Ẹni tí wọ́n bí sọ́nà, ṣebí ọ̀nà ló yẹ kó mú un lọ.
Ogójì ọdún ó lé mẹ́ta ló fi dúró sójú kan
nídìí irin réluwè,
tó ń ju àsíá kí ọmọ ọlọ́mọ lè kọjá.

Bí ọkọ̀ bá ń ti ọ̀nà Pàràkú bọ̀,
kì í wo agogo.
Yóò bọ́ bàtà, yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ irin
bí ẹni ń fọwọ́ kan iwájú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná,
yóò ní, "Ó ti kúrò ní Kìlìbó."
Kò ní pẹ́, èéfín á yọ lẹ́yìn òkè.

Tó bá délé, á bọ́ kakí,
á ró ìró Ìyá Àwẹ̀ró mọ́dìí,
á jókòó ti ọpọ́n, á máa fọ ìtẹ́dìí ọmọ.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ lábẹ́ igi kajú:
"Abíọ́nà, ṣé ìwọ lo bí i ni?"
"Èmi kọ́ ni mo bí i. Ara mi ló sáà tọ̀ sí."

Ó ní ìwé kan, ìwé tí wọ́n fi ń kọ àkókò ọkọ̀,
ìlà kan fún dídé, ìlà kan fún lílọ.
Orúkọ wa ló kọ síbẹ̀.
*Ṣàbí: ó wọlé lágogo mẹ́rin ìdájí, òjò ń rọ̀.*
*Àwọn ìbejì: wọ́n fi wákàtí méjì pẹ́, ẹrù pọ̀.*
Nígbà tó kàn mí:
*Ó dé ṣáájú àkókò. Ó kéré. Ohùn rẹ̀ ju fèrè ọkọ̀ lọ.*

Kì í ṣe ẹni tí kì í bínú.
Ọjọ́ tí Ṣàbí, ẹ̀gbọ́n baba mi, sá lọ sí Kútọnu
láìdágbére, tòun ti owó ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ̀,
Bàbá ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ fún ọdún méje.
Ṣùgbọ́n alaalẹ́ ló ń gbé fìtílà ọkọ̀ sẹ́nu ọ̀nà.
Ó ní nítorí ejò ni.
Ìyá Àwẹ̀ró ní, "Ejò wo ló ń ti Kútọnu bọ̀?"
Kò fèsì. Ó fi epo kún un.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ò wá mọ́.
Koríko hù láàárín irin, ewúrẹ́ ń bímọ síbẹ̀.
Bàbá ṣì ń lọ nírọ̀lẹ́, ọ̀pá lọ́wọ́, èmi níwájú.
Nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kú, tí kò gbọ́ nǹkan mọ́,
ó ní kí n bọ́ bàtà tèmi.
"Kí lo gbọ́?"
Irin náà tutù bí omi àmù.
Mo ní, "Ó ń bọ̀, Bàbá. Ó ti kúrò ní Kìlìbó."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
"Irọ́ rẹ dùn, ọmọ mi. Tún un pa."

Inú ọyẹ́ ló kú, kajú ń tanná.
A sìnkú tán, a ṣí ìwé.
Ìlà dídé kún dẹ́múdẹ́mú.
Ìlà lílọ funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀:
kò kọ ti ìyá rẹ̀ síbẹ̀,
kò kọ ti Ìyá Àwẹ̀ró tó ti lọ lọ́dún mẹ́sàn-án,
kò kọ ti ọmọ kan tí a ò mọ̀ rí
tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, tí kò ní orúkọ.

Baba mi na kálàmù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Ṣàbí gbà á, ó wo ojú ewé náà pẹ́,
ó pa ìwé dé.
Ó dìde, ó wá epo, ó nu gíláàsì fìtílà sí ẹ̀wù rẹ̀,
ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.
Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.
Ó ní nítorí ejò ni.