Alẹ́ Méje

Sẹ̀lìátù ń rán aṣọ iléèwé lálẹ́ ní Ìwáyà.
Bí òjò bá rọ̀, omi á wọ yàrá;
bí iná bá lọ, máṣínì á dákú.
Ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó ba iṣẹ́ jẹ́.

Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì oṣù Kẹfà sára ògiri:
alẹ́ òjò, méjìlá;
alẹ́ òkùnkùn, méjìdínlógún.
Ó ro wọ́n pọ̀. Ọgbọ̀n géérégé.
"Oṣù ti tán. Kò ṣẹ́ ẹyọ alẹ́ kan kù fún mi."

Ṣùgbọ́n aṣọ mọ́kànlélógún ń bẹ lórí okùn.
Ta ló rán wọn?

Mo sún mọ́ ògiri.
Alẹ́ méje ló gba àmì méjì:
òjò ń rọ̀, iná tún lọ,
a gun orí tábìlì, a ò rí ojú ara wa.
Àǹtí, ẹ kà á fún òjò,
ẹ tún kà á fún òkùnkùn.
Ẹ̀ẹ̀kan ni alẹ́ ń kú.

Ẹ yọ méje. Mẹ́tàlélógún ló bàjẹ́.

Ó wo èyí tó kù
bí ẹni tó rí owó he nínú àpò ẹ̀wù àtijọ́.
"Tòní ńkọ́?"
Mẹ́tàlélógún nínú ọgbọ̀n, ni mo wí.
Ó wojú ọ̀run, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́.