Ẹ Má Tíì Lọ

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Sunderland, ẹ̀bẹ̀ ni.
Ẹni bá fẹ́ já okùn íńtánẹ́ẹ̀tì wa dànù,
ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí ìpè rẹ̀ sí,
àjà kẹta, tábìlì tó kọjú sí odò Wear,
níbi tí ẹyẹ òkun ti ń yàgbẹ́ sára fèrèsé
bí ẹni pé òun náà ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò.

"Ẹ má tíì lọ, màmá.
Ẹ jẹ́ n yọ pọ́n-ùn mẹ́rin kúrò lórí owó oṣù yín.
Ẹ jẹ́ n fi bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé ṣe èènì."
Ọdún mẹ́fà. Ẹ̀bẹ̀ ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé
bí ọkọ mi bá ń wọ bàtà lówùúrọ̀,
á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ, n kò kọ̀ ọ́."
Àbẹ̀kẹ́. Àwọn tó sọ mí lórúkọ kò mọ̀
pé èmi ni n ó máa bẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nílé oúnjẹ, lórí tẹlifíṣọ̀n,
ìkànnì àwọn Pellworth tó ni wá ló kà wá síta:
wọ́n ń rò ó wò bóyá kí àwọn ta ẹ̀ka íńtánẹ́ẹ̀tì.
"A kò tíì pinnu," ni ọ̀gá wọn wí ní Lọ́ńdọ̀nù,
ojú rẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
A wo ara wa bí adìẹ tó gbọ́ pé ọ̀la lọdún.

Bẹ́ẹ̀ ìlú ń du wa nígbà tí wọ́n rà wá.
Àwọn oníwèé ìròyìn, àwọn oníṣinimá,
wọ́n ní wáyà ni ọ̀la, wọ́n fi owó bò wá lójú.
Wáyà ti di wáyà.
Okùn bàbà inú ilẹ̀ ti gbó;
òjò kí Hartlepool, íńtánẹ́ẹ̀tì dákú.
Ẹgbàá ogún oníbàárà ló lọ lọ́dún tó kọjá,
mo ṣì mọ ohùn púpọ̀ nínú wọn.

Craig, mánéjà wa, ra bisikí wá.
Ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ku díẹ̀, bàbá kan pè láti Seaham,
Wilf Snowdon, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
"Wọ́n ní ẹ fẹ́ tà mí. Ṣé òótọ́ ni?"
Kò ní "ẹ fẹ́ tà á". Ó ní "ẹ fẹ́ tà mí".
Ọ̀dọ̀ wa ni ímeèlì rẹ̀ wà, láti ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì
ṣì ń han bí ológbò tó há sẹ́nu ilẹ̀kùn.
Maureen, ìyàwó rẹ̀, ti kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn;
lẹ́tà rẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá wà níbẹ̀,
ọ̀pọ̀ wọn kò ju "ra mílíìkì bọ̀" lọ.
"Ẹni tó bá rà yín, ṣé yóò ra ìyẹn náà?"

Kọ̀ǹpútà gbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n kà síwájú mi:
pọ́n-ùn mẹ́rin, bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé.
N kò kà á.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀
kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.
Wọn kò sọ ohun tí ẹni tí wọ́n ń tà yóò máa ṣe
nígbà tí wọ́n ṣì ń ná an.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé?
Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ wọ́n jáde, lọ́kọ̀ọ̀kan."
Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n fọwọ́ sí fún ìpè kan.
Nígbà tó di wákàtí kan, Craig wá dúró lẹ́yìn mi,
ó wo aago, ó wo ojú mi, ó sì lọ gbé kẹ́tùlù kaná.

Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ náà lórí fóònù, ó ń há, ó tún ń lọ.
Bàbá ń kà sókè: "Ra mílíìkì bọ̀.
Ojú ọjọ́ ṣú, mo ti ká aṣọ."
Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́.
"Ìwé ti tán," ó ní. "Òmíràn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
eékún mi kò sì yá mọ́.
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lọ."