Ọrùn Ọ̀nì

Agogo méjì òru ní Àgọ́-Ìwòyè.
Iná ti lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà ń kú lọ,
àwòṣe mi sì tún parọ́.
Ó ní purotéènì yóò pé ẹgbẹ̀rún kan ní wákàtí;
èyí tó wà nínú ìgò jẹ́ igba ó lé mẹ́tàdínlógún.
Oṣù keje rèé tí mo ti ń ṣírò ìrìn ráíbósómù,
ẹ̀dá tí ojú lásán ò lè rí,
tí àìmọye rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ìka
tí mo fi ń tẹ èébú rẹ̀ sórí ìwé.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò ṣòro í sọ:
jíìnì kọ̀wé, lẹ́tà mẹ́rin péré ló fi kọ ọ́.
Ráíbósómù á gun orí ìwé, á máa kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta,
mẹ́ta kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan,
mẹ́ta mìíràn, ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn,
títí yóò fi kan ọ̀rọ̀ tó ní, "Ó tó."
Ogún ni irú ìlẹ̀kẹ̀, orúkọ wọn lé ní ọgọ́ta,
bí ará Rẹ́mọ ṣe ní ohun tó ń pe nǹkan
tí ará Ìjẹ̀bú-Igbó náà ní tirẹ̀.
Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń gbé ìlẹ̀kẹ̀ wá
ló gbọ́ gbogbo ẹ̀ka èdè.
Ọ̀rọ̀ kan wà, ọmọ méjì péré ló gbọ́ ọ nínú ilé.
Bí wọ́n bá kàn án, ráíbósómù á dúró,
èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dúró,
ẹ̀kẹta á fi imú gbá ẹ̀kejì lẹ́yìn.
Mo fi ogún kún ogún nínú ìṣirò.
Ìlà ló gùn sí i.
Purotéènì ò fi ẹyọ kan lé.

Ọ̀gá mi, Fọ́wọ̀dù, ní, "Yọ ọ̀rọ̀ tó ń fà á kúrò,
fi èyí tó yá rọ́pò."
Mo yọ ọ́. Ìgò kún!
Ó kún fún ohun tó lẹ̀ mọ́ra, funfun,
bí ògì tó dì,
tí kò lè ṣiṣẹ́ kankan lábẹ́ ọ̀run.

Ní Sátidé mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde,
mo lọ gba aṣọ lọ́wọ́ Àǹtí Ṣìjúadé.
Òfì rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri,
ọ̀nì ń jáde díẹ̀díẹ̀ lára aṣọ,
ìrù ti yọ, ẹsẹ̀ mẹ́rin ti yọ, orí ò tíì sí.
Ó káwọ́ lé itan, ó ń wo òjò.
"Ṣé òwú ló tán ni?"
"Òwú wà."
"Kí wá lẹ ń dúró dè?"
"Ọrùn rèé. Bí mo bá kánjú kọjá níbí,
èyí tí mo ti hun ò ní tíì jókòó.
Á lọ́, á fà,
wàá gbé aláǹgbá lọ sílé, wàá sọ pé mo jà ọ́ lólè."
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. Ó tún tẹ́ ẹ.

Mo dúró síbẹ̀ tòwótòwó lọ́wọ́.
Nígbà tí ọkọ̀ fi dé Òru
mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì epo:
ìdí purotéènì ti jáde, ó ń wá bí yóò ṣe ká,
ọ̀rọ̀ tó fà yẹn ló ń bá a dá orí dúró.
A ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú,
ká fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Mo ti ń pe ẹni tó ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ní ọ̀lẹ.

Mo dá ọ̀rọ̀ náà padà sáyè rẹ̀.
Mo fún ìdúró ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìṣirò.
Àwòṣe ní igba ó lé ogójì báyìí.
Mẹ́tàlélógún ṣì sọnù, mi ò mọ ibi tó dúró sí.

Àǹtí Ṣìjúadé pè láàárọ̀ yìí.
Orí ọ̀nì ti yọ.
Kí n mú ìyókù owó bọ̀.