Torleiv Ti Jáde

"Èmi ti jáde ìwé," ni Torleiv máa ń wí,
á nàka sí ìwé-ẹ̀rí apẹja lára ògiri,
gíláàsì bò ó, èéfín sítóòfù ti pọ́n ọn.
Ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo ti ń nù ún ní gbogbo Sátidé.
Jáde? Níbo lo jáde sí, ọkọ mi?
Ẹni tó bá jáde, ṣebí ìta ló bọ́ sí,
ìta Skarvik sì rèé, lápá àríwá Nọ́wè,
ó gbòòrò, òtútù rẹ̀ ń jẹ egungun.

Òkun tí wọ́n fi kọ́ ọ ti ṣí kúrò.
Ẹja tó ń bẹ̀ wá wò lóṣù Èrèlé
ti gba òkè lọ, ó ń wá omi tútù kiri.
Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sọ àwọ̀n síbi tó mọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́.
Ó fà á sókè:
koríko òkun, àti bàtà ẹsẹ̀ kan.

Ọjọ́ méjì ni kò bá mi sọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ kẹta ó wọ kóòtù,
ó lọ kan ilẹ̀kùn Ragnfrid, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní okùn dídì.
"Kọ́ mi ní ẹ̀rọ yẹn." Ohùn rẹ̀ kéré.

Mo rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́.
Ìka tó nípọn bí ìtì igi, lórí gíláàsì pẹlẹbẹ!
Ó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀méjìlá. Ó bú u.
Ó tún bẹ ẹ̀rọ pé kó má bínú.
Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín:
"Bàbá, ẹ tún un tẹ̀,
bí ẹ ṣe máa ń ní kí n tún okùn dì."
Ọmọdé ń kọ́ àgbà, àgbà ń kọ́,
kò sẹ́ni tó kọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Báyìí, ó ń ka ìsàlẹ̀ omi bí ẹni ka lẹ́tà.
Nígbà mìíràn, ọwọ́ òfo ló gbé wálé,
ṣùgbọ́n ó mọ ìdí tí ọwọ́ fi ṣófo,
ìyẹn náà, oúnjẹ díẹ̀ ni.

Lóru àná, èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá,
mo gbé pẹ́ńsùlù,
mo ṣí ìwé ìṣirò tí mo sá fún.
Èyí àkọ́kọ́, mo ṣì í.
Torleiv yọjú léjìká mi.
"Tún un ṣe," ló wí,
ó sì lọ gbé kọfí kaná.