Lẹ́tà Tọ́rọ́

Tọ́rọ́-tọ́rọ́ ni bàbá mi ń gbà lórí lẹ́tà,
Odùnúgà ọlọ́dà, nídìí igi obì, ní Ìpẹru.
A, tọ́rọ́. B, tọ́rọ́. Àmì orí rẹ̀, ẹ̀bùn ni.
Lọ́jọ́ tí Ìyá Ẹfúnbọ̀ gbé pátákó wá,
A Ń TA GÀRÍ NÍBÍ ló ní kó bá òun kọ.
Ó fi ìka kà á, ó tún un kà,
ó na ìka sí ọ̀kan láàárín: "Èyí tó dá dúró yìí ńkọ́?
Kò bá ará iwájú tan, kò bá ará ẹ̀yìn tan.
Yọ ọ́, Ọlọ́dà. Ẹni tí ebi bá ń pa á mọ̀ ọ́n kà bẹ́ẹ̀."

"A ta gàrí níbí," ni bàbá mi kà sí i létí, díẹ̀díẹ̀.
"A tà á, ó tán, a palẹ̀ mọ́, a ti lọ sílé.
Ta ni yóò yà síbẹ̀, ìyá?"
Obìnrin náà tú kókó etí ìró rẹ̀.
Tọ́rọ́ kan ló fi ra ìsọ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ àná.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ n
bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbọ́n jù.
Ó jókòó sẹ́yìn ìrì, ìrì dìde, ó di ìrìn.
Ó rọra tẹ̀lé ìyà, ìyàn dé.
Ṣùgbọ́n ó dúró ti ikú lọ́jọ́ kan,
ikú di ikún,
ó bọ́ sóko ẹ̀pà, ó gbé ìrù sókè.
Onígbèsè náà mọ̀ ọ́n lò: "N ó san án, tó bá dọjọ́ ọjà."
Bàbá mi kì í gba irú n bẹ́ẹ̀.
Ẹni tí yóò sanwó, ó ní, "èmi" ló ń pe ara rẹ̀, ní kíkún.
Ìyá mi ò tilẹ̀ ní í la ẹnu. "Ń-ǹ." Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọdún tí àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀,
gbogbo àdúgbò di ńkọ́.
Bàbá ńkọ́? Ara ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́?
Wọ́n rán mi lọ tẹ wáyà ní Ṣàgámù
sí Ṣódípẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ní Káfáńṣán:
BÀBÁ Ń LỌ. TÈTÈ WÁ.
Akọ̀wé fi pẹ́ńsù gún un: "Ọ̀rọ̀ kan gédégédé ni n yìí níbí. Tọ́rọ́."
Mo wo owó ọwọ́ mi. Mo rántí owó ọkọ̀.
Ọmọ Rẹ́mọ ni mí: mo ní kó yọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta, Ṣódípẹ̀ wọlé tòun ti aṣọ funfun àti igbe,
ó bá òkú níbi tó ti ń jẹ ìkòkoré,
tó ń kùn pé iyọ̀ ò tó.
Bàbá gba wáyà, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Ó wá wò mí.
"Tọ́rọ́ kan," ló wí. "Tọ́rọ́ kan lo fi sin mí."

Ó tún lo ọdún mẹ́rin. Nígbà tó wá lọ lóòótọ́,
èmi ni mo kọ pátákó orí sàréè:
Ó Ń SINMI NÍBÍ.
Ọ̀dà dúdú. Mi ò ṣírò owó.
Lọ́dọọdún ni mo ń gbé agolo kékeré lọ síbẹ̀.
Omi tó ń kán láti ẹ̀ka igi, orí n gan-an ló ń bọ́ sí;
òun ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, òun nìkan ni mo sì ń tún kùn.

Lọ́dún yìí mo pẹ́ kí n tó lọ. Orúnkún ni.
Òjò ti jẹ ẹ́ tán.
Mo ka ìyókù jáde: Ó sinmi níbí.
Bí arìnrìn-àjò tó fẹ̀yìn ti igi obì,
tó gbọn eruku bàtà, tó mumi,
tó sì tún mú ọ̀nà pọ̀n, ó kọrí sí Òde.
Mo wo ọ̀nà náà díẹ̀.
Mo dé agolo ọ̀dà mi.
N ò kùn ún.