Iṣu Bàbá Ọlọ́rúnnípa

Ní Ògìdì, lẹ́yìn ilé wa,
níbi tí àpáta ti máa ń gbóná títí òṣùpá fi máa yọ,
la máa ń jókòó sí lálẹ́,
ọwọ́ wa dúdú fún oje kajú tí a sun lọ́sàn-án.
Bàbá Ọlọ́rúnnípa á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.
A ó dákẹ́.
Á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì:
irọ́ ti ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn.

"Ọ̀kún o, ẹ̀yin ọmọ.
Ọdún tí mo gbin iṣu sí ẹsẹ̀ òkè yìí,
ẹ kò tíì dáyé. Àwọn ìyá yín pàápàá ò tíì pààrọ̀ eyín.
Ebè kan ṣoṣo ni mo kọ.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa iṣu ọ̀hún láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé,
ó di Ọjọ́bọ̀, mi ò rí ìdí rẹ̀.
Mo wà á gba abẹ́ ọjà,
mo wà á gba abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì;
ilẹ̀ mì tìtì, agogo ń dá lù,
pásítọ̀ rò pé Olúwa ti dé,
ó sáré wọlé lọ wá bàtà.
Nígbà tí mo fi máa yọrí ní Kábbà,
àwọn ará ibẹ̀ ti ń gé ìdí iṣu mi!
Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́.
Wọ́n ní àwọn rò pé òkè funfun kan ló hù sáàárín ìlú."

Ẹ̀rín ti gbé àwa kan ṣubú nígbà yẹn.
Ṣèyífúnmi, àbúrò mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé
odó wo ló gba irú iṣu bẹ́ẹ̀?

"Odó kẹ̀? Inú ihò àpáta la ti gún un,
ìrókò mẹ́rin lọmọ odó.
Àwọn ẹja Lọ́kọ́ja gbọ́ kìì, kìì, kìì,
wọ́n yọrí lódò, wọ́n ní, 'Kí lọbẹ̀?'
Mo dákẹ́.
Ẹ̀yin náà ẹ wò ó,
ta ni yóò dá ẹja lóhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?"

Á wá ká ṣòkòtò sókè, á fi àpá orúnkún rẹ̀ hàn wá,
ibi tí èèpo iṣu náà ti wó lù ú.
Màmá mi ní kẹ̀kẹ́ ló gbé e ṣubú
lọ́jọ́ tí ó mu ẹmu ju bó ṣe yẹ lọ.
Kò kúkú sẹ́ni tó bi Màmá mi.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.
Irọ́ Bàbá ti lọ tó ogójì.
Òtítọ́ bá a lóòótọ́, mo rí i lójú ara mi,
ó fà sẹ́yìn wa níbẹ̀, ó wá ibi jókòó,
ó ní, "Bàbá, ẹ tún ti pásítọ̀ yẹn sọ."

Ọdún tí ọyẹ́ mú jù,
Bàbá ti gbẹ, aṣọ rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó wúkọ́, ó wúkọ́,
ìtàn kò tẹ̀ lé e.
A ń wo ara wa.
Ni Ṣèyífúnmi, ọmọ ọdún mẹ́fà, akólòlò,
bá rọra wúkọ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì.
"E-e-ewúrẹ́ wa gbé òjìji Bàbá mì lánàá.
Ì-ìdí nìyẹn tí Bàbá fi fúyẹ́."

Kò sẹ́ni tó mí.
Bàbá wò ó, ó wò ó,
ẹ̀rín bẹ́, ó di àpáta mú kó má baà ṣubú,
omi dà lójú rẹ̀.
"Ewúrẹ́ ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó yó?"
"Ó-ó ní ó ku díẹ̀."

Bàbá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àpáta,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ibi tó ṣófo.
"Wá jókòó síbí," ó ní,
"kí o sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀."